Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, ẹni tí ó wá ìdí àrùn dé Ẹ̀pẹ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ọ̀rọ̀ olè ti rí ni ọ̀rọ̀ àrùn rí. Àrùn tí a kò bá tètè mọ ẹni tí í ṣe, tí a kò sì mọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé, òun ni yóò lé onílé jáde. Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn wá ìdí àrùn, a kò lè ka ẹni mẹ́ta kí a má dárúkọ olóògbé Dókítà Ògúntọ́lá Ọdúnbákú Sàpàrà. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò tí ń gba orí ọ̀sà láti Èkó lọ sí Èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, àti ẹ̀yin tí ń kọjá níbẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́; nítorí pé ní Ẹ̀pẹ́ ni ọkùnrin yìí gbé ṣe iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ.

Ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni a gbé bí i, ní ọjọ́ 9 oṣù June, ọdún 1861. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a kó lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀ sí Sàró. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Sàró ní ìgbà náà, orúkọ òyìnbó ni wọ́n sọ ọ́, Alexander Johnson Williams. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Alexander Sàpàrà Williams, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó di lọ́yà, ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀ dáadáa kí ó tó kú ní ọdún 1915. Ní ọdún 1876 ni ìdílé wọn padà wá sí Èkó. Nígbà tí àbúrò yìí dàgbà, ó fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀ pátápátá, ó sì ń jẹ́ Ògúntọ́lá Ọdúnbákú Sàpàrà. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó fẹ́ràn láti máa wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé rò pé kóòtù àti táì ni ọlá.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Ní ọdún 1878 wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1879 ó wọ ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó láti kọ́ iṣẹ́ apòògùn, ó sì ṣe iṣẹ́ náà ní Gold Coast, tí ń jẹ́ Ghana lónìí. Arábìnrin rẹ̀ kan kú ní orí ìkúnlẹ̀, ikú náà sì wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbà á lọ́kàn láti kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí pẹ̀lú ìṣègùn. Ní ọdún 1888 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti St Thomas’s ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1895 ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní Edinburgh àti Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí a wo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òyìnbó ń ṣe ní àwọn ọdún náà. Ní ọdún 1882, Robert Koch fi hàn ní Berlin pé kòkòrò kan báyìí, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó ń fa ikọ́ ife. Ní ọdún 1884, Hans Christian Gram, ọmọ ilẹ̀ Denmark, wá ọ̀nà tí a fi ń rẹ àwọn kòkòrò ní aró, tí wọ́n á fi pín sí ọ̀wọ́ méjì lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní ọdún 1887, Richard Petri, tí ó ń bá Koch ṣiṣẹ́, ṣe abọ́ pẹrẹsẹ onídèérí tí a fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní.

Ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú ni pé kòkòrò kì í dá nìkan gbé. Nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí ń wúkọ́, nínú ìgbẹ́ ẹni tí inú ń run, nínú omi kànga tàbí ẹja ọjà, àìmọye kòkòrò ni ó dàpọ̀ mọ́ra, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní Ìpakodò ní ọjọ́ ọjà. Èrò kún èbúté, olóòótọ́ ni ọgọ́rùn-ún nínú wọn, olè kan ṣoṣo sì wà láàrín. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ọgbọ́n tí Koch dá ni pé ó tẹ́ oúnjẹ dídì bí ẹ̀kọ tútù sínú abọ́, ó fọ́n díẹ̀ nínú àdàlù náà ká orí rẹ̀, kí kòkòrò kọ̀ọ̀kan lè dá jókòó sí àyè tirẹ̀, kí ó sì bí sí i níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìdílé kọ̀ọ̀kan á ti di ibùdó kékeré tí ojú lè rí, a ó sì mú èyí tí a ń wá jáde láàrín wọn. Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n kì í yá. Àwọn kòkòrò mìíràn ń fẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó hù. Ti ikọ́ ife a máa fẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Irú ayé báyìí ni ìṣègùn wà nígbà tí Sàpàrà padà wálé. Ní ọdún 1896 ìjọba Èkó gbà á sí iṣẹ́ igbákejì dókítà ìjọba, ó sì wà ní ẹnu iṣẹ́ náà títí di ọdún 1928. Kò tíì pé ọdún méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀ràn Ẹ̀pẹ́ fi ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1897, olóde dé sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí a ń wí. Nítorí ẹ̀rù, àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ ṣọ̀pọ̀nná ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí ilẹ̀gbóná, tàbí ọba ayé. Ó ń pa ọmọdé, ó ń pa àgbà. Ẹni tí kò pa, ó lè fọ́ ojú rẹ̀, tàbí kí ó fi àpá sí i lára títí ọjọ́ ikú. Ìlú tí ó bá wọ̀, ọjà ibẹ̀ a tú.

Bí ó bá jẹ́ lónìí ni, dókítà á fi òwú gba díẹ̀ nínú omi ara iléròrò, a ó fi ránṣẹ́ sí iyàrá àyẹ̀wò, ìdáhùn yóò sì jáde láàrín wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 1897, kò sí irú rẹ̀ ní ibikíbi ní ayé. Ohun tí ń fa ṣọ̀pọ̀nná kéré jìnnà sí kòkòrò ikọ́ ife, kì í sì í hù nínú abọ́ Petri, nítorí inú ara ohun alààyè nìkan ni ó ti ń pọ̀ sí i. Ní Edinburgh, ní ọdún 1886, John Buist ti rí àmì kíkíní nínú omi tí a fi ń bupá, ó sì ti rẹ wọ́n ní aró, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an. Nítorí náà awò kò ran Sàpàrà lọ́wọ́. Ara aláìsàn nìkan ni ó lè wò, bẹ́ẹ̀ ni ara aláìsàn kò lè sọ ibi tí àrùn ti wá.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni kí ó wá ìdí ọ̀ràn láàrín àwọn ènìyàn. Ó ti fura pé kì í ṣe gbogbo àrùn tí ń ràn ni ó ń ràn fúnra rẹ̀. Ní ìgbà náà, àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí àrùn náà mú, àwọn ni wọ́n ń sin òkú rẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń gba ẹrù tí òkú fi sílẹ̀. Ẹni tí ó ń jèrè báyìí nínú àrùn, a kò lè sọ pé ó fẹ́ kí àrùn tán nílẹ̀. Sàpàrà fi ara rẹ̀ pamọ́, ó wọ inú ẹgbẹ́ awo náà, ó sì di ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Dókítà ìjọba ni. Bí àṣírí bá tú, kò sí ẹni tí ó lè gbà á sílẹ̀. Inú ilé tí àrùn gbé ń gbé ni ó sì ń lọ.

Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú àwọn àwòrò náà a máa ha èépá ara ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná mú, wọn a pa á mọ́, wọn a sì fi í ran ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ìròyìn tí ó mú wá ni ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 1907 tí ó ka ìsìn Ṣọ̀pọ̀nná léèwọ̀. Kí a má ṣe ṣe ojúsàájú, ó yẹ kí a sọ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mú èépá lọ́wọ́ ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ni apànìyàn. Ṣáájú kí bupá tó dé, ọ̀pọ̀ ìlú ní ẹkùn yìí ni ó mọ̀ pé bí a bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ojú gbẹ́rẹ́ ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó lè ṣe àìsàn díẹ̀ kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ èyí tí ó le. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí ó lè ṣe ààbò lè di ohun ìjà lọ́wọ́ olójúkòkòrò, àwọn wọ̀nyí sì ni Sàpàrà tú àṣírí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin nìkan kò pa àrùn náà. Ìsìn náà ń lọ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì di dandan kí Sàpàrà máa rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n jẹ́ kí a bupá fún wọn, gẹ́gẹ́ bí Edward Jenner ti kọ́kọ́ ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1796.

Ẹ máṣe rò pé ọ̀tá ìṣe ilẹ̀ wa ni. Sàpàrà a máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onísègùn ìbílẹ̀, a máa wádìí ewé àti egbò tí wọ́n ń lò, nítorí ó gbà pé ọgbọ́n wà nínú wọn. Ohun tí ó kọ̀ ni kí a fi awo bo ohun tí ń pa ọmọ ènìyàn. Ó ṣaápọn nípa ìtọ́jú àwọn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sì ní parẹ́ nínú ìtàn ilé ìtọ́jú òpópónà Massey ní Èkó.

Ní ọdún 1918 ó gbé ìjà mìíràn dìde, ìjà ikọ́ ife. Èyí yàtọ̀ sí ti Ẹ̀pẹ́, nítorí pé a ti mọ kòkòrò rẹ̀, a sì ti ní ọ̀nà tí ó yá díẹ̀ láti dá a mọ̀. Àwọn aláró Abẹ́òkúta yóò tètè lóye rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe àdìrẹ mọ̀ pé ibi tí a bá fi ẹ̀kọ tàbí àbẹ́là bò lára aṣọ, aró kì í mú un bí ó ti ń mú ibi tí ó kù. Ara kòkòrò ikọ́ ife ní ohun tí ó dà bí ìda, kì í sì í tètè gba aró. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iná sí aró pupa náà kí ó gbóná, yóò wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Bí a bá wá fi omi kíkan fọ gbogbo rẹ̀, aró yóò ṣí kúrò lára àwọn kòkòrò yòókù tí ó wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tirẹ̀ nìkan ni yóò kù ní pupa. Báyìí ni a fi ń mú olè láàrín ogunlọ́gọ̀ láì dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kòkòrò náà gbọ́dọ̀ pọ̀, bí 5,000 sí 10,000 nínú mìlílítà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan, kí ojú tó lè rí i. Àbùkù kejì sì jẹ́ ti àwa ènìyàn: ẹni tí ó ń wúkọ́ kì í fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀. Nínú ilé tí ènìyàn mẹ́jọ ti ń sùn sí yàrá kan tí kò ní fèrèsé, ikọ́ tí a fi pamọ́ kì í pẹ́ di ti gbogbo ilé.

Ní ọdún 1923 ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Imperial Service Order dá a lọ́lá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1924, àrùn eku wọ Èkó. Alexandre Yersin ti rí kòkòrò rẹ̀ ní Hong Kong ní ọdún 1894, nítorí náà awọ́n lè fa omi díẹ̀ nínú ibi tí ó wú lábẹ́ abíyá tàbí ní ìtàn aláìsàn, kí wọ́n fi aró sí i, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ awò ní ọjọ́ náà gan-an. Àrùn yìí ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún àwọn àdúgbò tí ó há gádígádí ní Èkó ṣe. Ọdún náà ni Sàpàrà fẹ̀yìn tì. Ní oṣù June ọdún 1935 ni ó kú ní Èkó, lẹ́yìn tí ó ti lé ní 70 ọdún.

Kò rí òpin ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ní oṣù December ọdún 1966, ṣọ̀pọ̀nná bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ògójà, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, oògùn bupá tí ó wà lọ́wọ́ Dókítà William Foege kò sì tó gbogbo ènìyàn. Ó fi ẹ̀rọ rédíò wádìí kíákíá ibi tí aláìsàn wà, ó bupá fún àwọn tí ó yí wọn ká àti ibi tí ó ṣeé ṣe kí àrùn gbà lọ, àrùn náà sì dúró. A rí i nígbà náà pé ìmọ̀ tí ó tètè dé ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ. Ní ọdún 1970 ni a rí ṣọ̀pọ̀nná gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé.

Àwọn kòkòrò yòókù kò tíì tán, ṣùgbọ́n ọ̀nà láti dá wọn mọ̀ ti yá ju ti ayé Sàpàrà lọ. Ọ̀nà kan dà bí oríkì. Bí a bá ki oríkì ìdílé kan láàrín ọjà, ọmọ ìdílé náà nìkan ni orí rẹ̀ yóò wú. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìran tirẹ̀ nínú ara rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé a ṣe ègé kékeré tí yóò bá àkọsílẹ̀ kòkòrò kan ṣoṣo mu, ẹ̀rọ a sì sọ ìwọ̀nba tí ó bá rí di àràádọ́ta ọ̀kẹ́, títí kò fi ní lè sá pamọ́ mọ́ bí ó ti wù kí àdàlù náà pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún ikọ́ ife ní ọdún 2010 kì í lò tó wákàtí méjì, ó lè rí kòkòrò náà bí kò tilẹ̀ ju bí 130 lọ nínú mìlílítà kan, ó sì ń sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn rẹ̀ pàtàkì, yóò ràn án. Ọ̀nà kejì ni ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ inú ohun tí aláìsàn yà. Bí kòkòrò onígbáméjì bá wà níbẹ̀, ilà yóò yọ lára rẹ̀ láàrín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rọ kì í ṣìnà. Èyí tí ń ki oríkì lè rí òkú kòkòrò kí ó sì kà á mọ́ alààyè, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ a máa tan ni jẹ nígbà mìíràn. Nítorí náà ni abọ́ Petri ṣe ṣì wà lórí tábìlì, láti fi ẹ̀rí sí ohun tí èyí tí ó yá bá sọ. Ní ọdún 2024, nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí Ìkòròdú sì wà nínú àwọn ibi tí ó kàn, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó kù kí ó yá. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣí tí ó sì jókòó sílé títí omi ara rẹ̀ fi tán, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè bá a yá a. Kí ó máa mu omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà pò ní ìwọ̀n tí ó tọ́, kí ó sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó sì ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò nínú ike mímọ́ tí wọ́n bá fún un, kí ó tó máa ra oògùn káàkiri ọjà, nítorí oògùn tí kò tó lè sé kòkòrò mọ́lẹ̀ kí àyẹ̀wò má rí i, láìjẹ́ pé ó pa á.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ní ayé Sàpàrà, ara rẹ̀ ni ó fi wọ inú ilé awo kí ìlú lè gbọ́ orúkọ ohun tí ń pa á. Lónìí, ìwọ̀nba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí omi ni a ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ará Ìpakodò, ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin oníṣòwò gbogbo, ohun tí ó ná ọkùnrin yìí ní ewu ẹ̀mí kò ná wa ju owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe ìrántí rẹ̀: kí a má ṣe fi àrùn bò mọ́lẹ̀ nínú ilé wa.